Ọkọ Mi Ń Tọrọ Àforíjì Ẹ̀ṣẹ̀ Tí Èmi Dá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí ọkọ mi ṣe lánàá ló lé e jáde lẹ́nu mi.

Òkèrèwè ní Ifẹ̀ níbí là ń gbé. Tíṣà ni ọkọ mi. Dókítà sọ fún un pé ó ní àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tó ti pẹ́ lára. Ó ní ó yẹ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn bu díẹ̀ wò nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá ó ti ń di àpá. Ọkọ mi ní òun ò gba irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Dókítà ní kò burú, ẹ̀jẹ̀ lásán tí wọ́n ń fà lápá lè sọ púpọ̀ fún àwọn, bí àwọn bá ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Ó sì ní kó jáwọ́ nínú àgbo tó ń fi ọtí rẹ.

Èsì ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ dára. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a sì ti gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní àfi kí ọkọ mi jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo òun sàn.

Ó ní, "Ìyá Ṣadé, dókítà ní ká ṣì dúró."

Mo ní, "Bàbá Ṣadé, ṣé dókítà ló ni yín ni?"

Ó jẹ́rìí. Ìjọ pariwo halelúyà, mo jó títí gèlè fi tú lórí mi.

Nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kejì, ọkọ mi ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò, èmi ni mo lọ gbọ́ èsì. Dókítà ní ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá nígbà tí ọ̀bẹ bá gé èèyàn ti ń dín kù lára rẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ń da òróòro sínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní ó jọ pé àpá ti ń mú ẹ̀dọ̀ náà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Dádì wá rí mi lọ́sẹ̀ yìí. Kí wọ́n má fẹnu kan ọtí o."

Ọ̀wọ́n epo wà nígbà náà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ìyá ìjọ ni mò ń rí lójú ọ̀nà. Ta ló máa dìde níwájú wọn láti sọ pé a ti yára jẹ́rìí? Ojú ayé ni mò ń ṣe, Ọlọ́run rí mi. Nígbà tí ọkọ mi béèrè, mo ní bó ṣe wà náà ló wà, dókítà ní kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ó gbà mí gbọ́. Ó padà sídìí àgbo rẹ̀, mo sì ń wò ó. Mo ń dá gbààwẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹni pé ààwẹ̀ lè sọ irọ́ mi di òótọ́.

Ní báyìí ikùn rẹ̀ ti wú, ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹni fi epo kùn ún. Dókítà ìjọ́sí ti bá iṣẹ́ lọ sí Saudi, ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí ò mọ nǹkan kan nípa ohun tó sọ fún mi. Ó kàn ní a pẹ́ kí a tó wá ni.

Ọkọ mi ní ẹ̀ṣẹ̀ òun ló gba ìwòsàn padà lọ́wọ́ òun. Ó wá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ó ránṣẹ́ pe bàbá kan ní Ìlódè nítorí adìẹ bàbá náà tí òun jí nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: bàbá náà ò tilẹ̀ rántí adìẹ kankan.

Lánàá, ó kàn mí. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Ṣadé, bí mo bá ṣẹ̀ ọ́ tí mi ò mọ̀, jọ̀ọ́, sọ ọ́, kí ara mi lè yá."

Mo ní mo ti dárí jì í. Èmi! Èmi ni mo dárí jì í!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un, kó mọ̀ pé kò ṣẹ Ọlọ́run, kó sì bínú mi kú? Àbí kí n panu mọ́? Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Ó ti ní kí n ránṣẹ́ pe ìyá òun wá lọ́la, ó ní bóyá ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà wà.