Pátákó Tí Ẹ Kọ́ Sọ́rùn Edith

Edith ni, sà! Edith àbúrò mi, ọmọ fọ́ọ̀mù karùn-ún, ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 1985 yìí, níwájú ọ́fíìsì tí a wà yìí gan-an, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé lẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ pátákó sí i lọ́rùn, lójú ìyá tó bí bàbá wa. Ìyẹn ò tó, ẹ tún wá fa ìlà pupa la orúkọ rẹ̀ kọjá nínú ìwé àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣejáde. Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé ẹ ò rántí o. Ẹ̀yin tí ẹ rántí pé èmi Simeon ni mo fọ́ gíláàsì fèrèsé lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, ohun tí ẹ sì fi kí mi nìyẹn bí mo ṣe wọlé!

Rárá, sà. Ẹ ṣeun. Omi kọ́ ló gbé mi wá.

Kí ló ṣe? Mo ní, kí ni ọmọ yìí ṣe? Ìyá wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó gbé gààrí tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan wá fún ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà yín. Ọmọ rí ìyá àgbà rẹ̀ lábẹ́ oòrùn, ó sáré lọ bá a, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ìrìn o, ṣé kò rẹ̀ yín jù?" Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó sọ Yorùbá nínú ọgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ gboyè nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bá mi fi Gẹ̀ẹ́sì sọ "ẹ kú ìrìn" kí n gbọ́. Ẹ sọ ọ́! Àbí kí ọmọ dúró gbagidi níwájú arúgbó, kó na ọwọ́ sí i, kó ní "good morning"? Ìyá ì bá rò pé orí ọmọ ti dàrú.

Àṣé ọmọ tí pátákó wà lọ́rùn rẹ̀ ti lúgọ sẹ́yìn igi máńgòrò láti àárọ̀, ó ń wá ẹni tí yóò gbé e fún, ló bá sáré wá fi ẹjọ́ Edith sùn yín. Òfin yín ni. Ẹni tó bá sọ Yorùbá ni yóò gbé e kọ́rùn títí yóò fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù ni yóò jẹ ẹgba mẹ́fà. Ta ló fẹ́ jẹ ẹgba mẹ́fà? Mo mọ̀ ọ́n, sà, èmi náà gbé e rí! Ní fọ́ọ̀mù kejì, nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo lù, mo fi èékánná fa Albert ọ̀rẹ́ mi létí, kó lè ké "yéè!" Yéè lásán o! Wọ́n ní Yorùbá ni. Òun ló jẹ ẹgba mi. Albert ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi jáde. Ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ wa nìyẹn, kí ọmọ máa ṣọ́ ẹnu ọmọ, kí ọ̀rẹ́ máa ta ọ̀rẹ́.

Ẹ sì wo ohun tí ẹ kọ síbẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta, ọ̀dà funfun lórí igi dúdú. DOG.

Kí lẹ wí? Ẹ ní kì í ṣe èébú? Háà! Ẹ tún un sọ, sà. Ẹ ní ọ̀rẹ́ èèyàn ni ajá lọ́dọ̀ òyìnbó? Òótọ́ ni, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa, lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí a jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lẹ fi kún gbogbo pátákó ìkọ̀wé. Ẹ ní òyìnbó fẹ́ràn ajá débi pé ó ń bá a sùn lórí ibùsùn, bí ó bá sì fẹ́ bú ẹnìkejì rẹ̀, orúkọ ajá yẹn náà ló máa pè é. Ẹni tó bá ń tọ èèyàn lẹ́yìn kiri tí kò jẹ́ kó sinmi, dog ló ń ṣe sí i. Etí ìwé tó bá ká, etí dog ni. Ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, tí gbogbo ayé gbà pé yóò fìdí rẹmi, dog ìsàlẹ̀. Ọ̀gá tó jókòó lé gbogbo wọn lórí, dog òkè. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mo gbà nínú ìdánwò ọjọ́ náà! Àwa náà sì ní tiwa, nítorí bàbá àgbà wa sọ ajá rẹ̀ ní Ẹfimílẹ̀ nítorí aládùúgbò kan, bó bá ti ń pe ajá, ẹni tó ń bá wí mọ ara rẹ̀.

Ó dáa. Bó bá jẹ́ orúkọ ọ̀rẹ́ ni, ẹ̀yin ni dog òkè níbí, kí ló dé tí kò sí lọ́rùn tiyín? Ta ló sì ń na ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́gba mẹ́fà?

Ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n parí.

Ìyá ò mọ̀wé. Ó béèrè ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó bi yín, ó bi àwọn tíṣà tó dúró, gbogbo yín ń wolẹ̀. Ẹ ní, "Màmá, ẹ máa lọ, ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni." Edith kò fẹ́ kí ìyá sunkún, ló bá ní oyè ni wọ́n fi òun jẹ. Ìyá gbà á gbọ́! Kí ló mọ̀? Àwọn olórí ọmọ ilé ìwé tó máa ń rí, gbogbo wọn ló ń fi nǹkan sáyà. Ó jó, sà. Ó jó níwájú ọ́fíìsì yìí, ẹ sì rí i, ẹ ò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gbé iṣu àti adìyẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ dúpẹ́. Wọ́n ní kí ó sọ oore tí Ọlọ́run ṣe. Ó ní wọ́n ti fi Edith ọmọ-ọmọ òun joyè ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n gbé pátákó dúdú sí i láyà, lẹ́tà mẹ́ta. Ọmọ ilé ìwé yín kan, Bọ́lánlé, wà láàrin àwọn akọrin, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bi í pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́, ó ní ajá ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì dàrú! Àwọn àgbà ń fi aṣọ bo ẹnu. Ìyá dúró tòun ti adìyẹ lọ́wọ́, ó ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Láti ọjọ́ náà kò jáde nílé, kò yan gààrí, bí a bá kí i, ara ògiri ló ń kọjú sí.

Nígbà tí Edith gbọ́, ó wá bá yín, ó kúnlẹ̀, ó ní ohun gbogbo lòun máa ṣe, òun á gé koríko, òun á fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò ní gbé pátákó yẹn mọ́ láéláé. Ẹ ní àìgbọràn ni. Ẹ ní àfi kó gbé e kọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣèdánwò. Ọdún márùn-ún tó fi kàwé, sà! Nítorí "ẹ kú ìrìn"!

Ọ̀rọ̀ pátákó fúnra rẹ̀, a ó pàdé lórí ìyẹn. Àwa mọ́kànlélógún tí a gbé e rí ti kọ̀wé, a ti fọwọ́ sí i, yóò dé ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta, yóò sì dé ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ lè pè wá ní aláìmoore bó bá wù yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀la Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé orúkọ àwọn tí yóò ṣèdánwò ń kúrò níbí. Òun nìyẹn lábẹ́ ọwọ́ òsì yín, mo ń rí ìlà pupa náà láti ibi tí mo dúró sí. Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà padà. Edith Adébùsọ́lá Odùsànyà. Ẹ kọ ọ́ báyìí, lójú mi.

Sà?

Mo ní kí ẹ kọ ọ́, sà.