Kọ́ńbò Tí Tolúlọpẹ́ Lò Gbẹ̀yìn

[Ìpè kan ní ọ̀sán Sátidé. DÙNMÍNÍNÚ, onígìtá, wà ní gbọ̀ngàn eré kan ní Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì. AJÍBÁDÉ, tó háyà kọ́ńbò, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, fún un, wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìgèdè-Èkìtì.]

[Fóònù ń dún. Ẹgbẹ́ akọrin ń kọrin lẹ́yìn.]

AJÍBÁDÉ: Hello? Dùnmí?

DÙNMÍNÍNÚ: Bọ̀dá Ajíbádé, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú iṣẹ́, ilé ń kọ́—

AJÍBÁDÉ: A dúpẹ́, a dúpẹ́. Tètè sọ ọ́. Ìsìn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbí.

DÙNMÍNÍNÚ: Nǹkan mẹ́ta ló bàjẹ́ lára kọ́ńbò tí ẹ gbé fún wa. Èkíní, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Èkejì, ó ń kùn bí ilé oyin. Ẹ̀kẹta, iná rẹ̀ ń ta mí.

AJÍBÁDÉ: Ohùn tín-ín-rín kò le. Níbo lo yí bọ́tìnnì gain dé?

DÙNMÍNÍNÚ: Ó ti dé òpin.

AJÍBÁDÉ: Háà! Ṣé gìtá lo fẹ́ ta ni, àbí o fẹ́ dá sọ́míìlì sílẹ̀? Dá a padà sí àárín. Dín treble kù. Má da bass láàmú. Middle ni kí o gbé sókè, ibẹ̀ ni ẹran ara ohùn wà.

DÙNMÍNÍNÚ: Ẹ dúró. Middle... [Gìtá dún.] Ó ti ń nípọn.

AJÍBÁDÉ: Ó dáa. Gbé volume kọ́ńbò sókè, kí o yí ti ara gìtá wálẹ̀ díẹ̀. Tí o bá ta á jẹ́jẹ́, á mọ́. Tí o bá gbá a, á bú. Jẹ́ kó le díẹ̀ sí i báyìí o, torí tí èrò bá kún inú gbọ̀ngàn, ara wọn á mu nínú ohùn náà.

DÙNMÍNÍNÚ: [Gìtá dún, ó fà gùn.] Ó dé! Bọ̀dá, ohùn blues Tolúlọpẹ́ gan-an nìyẹn! Bó ṣe máa ń mú okùn sunkún—

AJÍBÁDÉ: Má dárúkọ rẹ̀ sí mi létí báyìí.

DÙNMÍNÍNÚ: Kí ló dé? Ìrántí ikú rẹ̀ la fi ń ṣeré nírọ̀lẹ́ òní. Orin rẹ̀ ni mo— Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AJÍBÁDÉ: Ó ń já. Ṣé o gbọ́ mi?

DÙNMÍNÍNÚ: Mo ní orin rẹ̀ ni mo máa kọ. Màá ta gìtá, màá sì—

AJÍBÁDÉ: Má kọrin!

DÙNMÍNÍNÚ: Kí lẹ wí?

AJÍBÁDÉ: Jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ ọ́. Tí gìtá yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ, má jẹ́ kí ẹnu rẹ kan máìkì. Ṣé o gbọ́ mi?

DÙNMÍNÍNÚ: Bọ̀dá, mo ní ó ń ta mí. Mi ò tíì sọ pé ètè ló ti ta mí. Mi ò tíì dárúkọ máìkì rárá.

[Ẹgbẹ́ akọrin ṣì ń kọrin.]

DÙNMÍNÍNÚ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AJÍBÁDÉ: Jẹnẹrétọ̀ yín ni. Sọ fún wọn kí wọ́n—

DÙNMÍNÍNÚ: [Ó kọjú sí onílù rẹ̀.] Ìyìn! Fi drum sílẹ̀, wá yọ kọ́ńbò yìí kúrò lára iná. Yọ ọ́ pátápátá! Fún mi ní sukudiráfà.

AJÍBÁDÉ: Dùnmí, kọ́ńbò mi ni. Má tú u. Mo ní má tú—

[Irin ń ha irin.]

DÙNMÍNÍNÚ: Wáyà mẹ́ta ló wọlé. Méjì wà níbi tó yẹ. Ẹ̀kẹta, earth, èyí tó yẹ kó gba iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, wọ́n ti gé e. Wọ́n fi téèpù pupa wé orí rẹ̀. Bọ̀dá, gbogbo olórin Adó ló mọ ẹni tó ń lo téèpù pupa.

AJÍBÁDÉ: Pásítọ̀ ló ní—

DÙNMÍNÍNÚ: Ṣé Pásítọ̀ ló gé e?

AJÍBÁDÉ: Gbọ́ mi ná! O mọ̀ pé tí wọ́n bá ń gbàdúrà, onígìtá á máa rọra ta á lábẹ́ àdúrà. Kọ́ńbò yẹn ń kùn, gbogbo ìjọ ń gbọ́ ọ. Pásítọ̀ ní kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo gé e, ó dákẹ́ níbí. Gbogbo àwa onísáùǹdì la máa ń ṣe é, Dùnmí.

DÙNMÍNÍNÚ: Ó dákẹ́. Tolúlọpẹ́ náà sì dákẹ́.

AJÍBÁDÉ: Jọ̀ọ́.

DÙNMÍNÍNÚ: Níwájú pẹpẹ tí ẹ dúró sí yẹn ló ṣubú sí, ẹnu rẹ̀ lára máìkì, gìtá lọ́rùn rẹ̀. Nígbà wo lẹ mọ̀ pé wáyà yìí ló pa á?

AJÍBÁDÉ: Nígbà tí mo ń kó ẹ̀rọ jọ lọ́jọ́ náà. Mo fọwọ́ kan ara kọ́ńbò, ó gbá mi dànù.

DÙNMÍNÍNÚ: Ẹ sì tún gbé e fún wa! Ṣé kí wọ́n tó lé ìyá àgbà rẹ̀ jáde nílé ni, àbí lẹ́yìn náà?

AJÍBÁDÉ: Dùnmí...

DÙNMÍNÍNÚ: Ṣáájú àbí lẹ́yìn?

AJÍBÁDÉ: Ṣáájú.

[Ìlà ń já.]

DÙNMÍNÍNÚ: Màmá Adéyẹyè, ìyá àgbà yẹn, ló tọ́ Tolúlọpẹ́ dàgbà. Òun ló gbé gìtá àkọ́kọ́ fún un wálé láti Adó, tó gbé e lé itan lórí ọ̀kadà bí ọmọ tuntun. Ìjọ yín dúró ti òkú ọmọ rẹ̀, wọ́n ní àjẹ́ ni, òun ló pa á jẹ. Ẹ̀yin lẹ gbé àpótí aṣọ rẹ̀ síta. Mo wà níbẹ̀. Ó dì í mú, ó ń ké, "Ulé mi! Ulé mi!" Ẹ sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

AJÍBÁDÉ: Kí ni kí n ṣe? Wọn ì bá ní èmi ni mo pa á!

DÙNMÍNÍNÚ: Wọ́n wá ń sọ pé òun ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé ló ń sùn báyìí, àwọn ọmọ iléèwé ń sọ òkò lù ú.

AJÍBÁDÉ: Màá lọ wò ó. Màá gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́yìn ìsìn—

[Ohùn ọkùnrin kan nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè: "Ẹ dìde! Ẹ yin ẹni tó tú àṣírí ọ̀tá inú ilé!" Àtẹ́wọ́.]

DÙNMÍNÍNÚ: Ìsìn kí lẹ ń ṣe lónìí?

AJÍBÁDÉ: Ìdúpẹ́ ni.

DÙNMÍNÍNÚ: Ìdúpẹ́ kí ni?

AJÍBÁDÉ: Pé... pé màmá náà ti kúrò láàárín wa.

DÙNMÍNÍNÚ: Ẹ̀yin lẹ sì to ẹ̀rọ fún wọn láti fi dúpẹ́ ọ̀hún.

AJÍBÁDÉ: Iṣẹ́ mi ni! Ṣé o gbọ́ mi? Iṣẹ́ mi ni, Dùnmí.

DÙNMÍNÍNÚ: Máìkì tí ẹ fi ń dán ohùn wò, ṣé ó wà nítòsí yín?

AJÍBÁDÉ: Ó wà lọ́wọ́ mi. Kí ló— Rárá. Rárá o.

DÙNMÍNÍNÚ: Ìyìn ti ya àwòrán wáyà náà, àmọ́ wọn ò ní gba èmi gbọ́. Onígìtá ilé ọtí ni wọ́n ń pè mí. Ẹ̀yin ni wọ́n á gbọ́.

AJÍBÁDÉ: Mo bẹ̀ ọ́ nítorí Ọlọ́run.

DÙNMÍNÍNÚ: Ẹ tan máìkì yẹn, Bọ̀dá Ajíbádé. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ gé wáyà, pé Màmá Adéyẹyè kò pa ọmọ rẹ̀. Ẹ má tíì pa fóònù, mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ẹ sọ ọ́ báyìí. Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]