Ọ̀pẹ Tí Bàbá Mi Kò Gùn

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù mí lọ́jọ́ Àìkú kan, lójú àna mi, nínú pálọ̀ mi ní Ogida, ní Bìní. Ọwọ́ ọ̀tún mi kàn rọ jọwọrọ, ife mọ́ọ̀tì tí mo gbé dání sì dà sára agbádá funfun ọkùnrin náà. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èyí kọ́ ló ń dùn mí jù. Irọ́ tí mo pa lẹ́yìn rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè wojú ọmọ mi.

Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe kí a tó fọmọ fọ́kọ: a máa ń wádìí ìdílé, a máa ń béèrè àrùn tó ń bá wọn jà. Bàbá mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, rọpárọsẹ̀ ló mú gbogbo wọn lọ, kò sì sí ẹni tó pé ọgọ́ta ọdún nínú wọn. Nígbà tí bàbá kú, àǹtí wa àgbà pè wá jọ, ó ní bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa rílé ọkọ, kí a sọ pé orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́. Bàbá mi! Tísà tí kì í gun àga láìdi ògiri mú! A sọ ọ́ títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀pẹ kúkurú ni. Nígbà tí mo fi dé Bìní, tí mo ń ta ọ̀dà ní Siluko Road, ọ̀pẹ náà ti ga ju ilé alájà méjì lọ.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àna mi, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Sapele Road kí a lè dá ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọkùnrin rẹ̀ àti Bísọ́lá ọmọ mi. Òun náà ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé èmi, ìyàwó mi àti Bísọ́lá dé ọsibítù, pẹ̀lú mọ́ọ̀tì lára agbádá rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán orí mi, dókítà obìnrin kan sì ní ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ọpọlọ. Ó béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni rí nílé wa. Mo wo ojú àna mi. Ẹnu mi ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlàjì tó kù ni mo fi purọ́.

"Rárá o. Bàbá mi já lórí ọ̀pẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n wọn ńkọ́?"

"Ọ̀kadà gbá a."

"Àbúrò wọn?"

"Kòtò ló kó sí."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, ṣé kò sẹ́ni tó ń kú sórí bẹ́ẹ̀dì nílé yín ni?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Bísọ́lá, tí a bí sí Bìní, tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí kì í fi í dáhùn, kò jẹ́ kí n mí. "Daddy, which palm tree? Na stroke kill Grandpa and him brothers. Mummy tell me." Ìyàwó mi gbójú sókè, ó ń wo àjà bí ẹni tí wọ́n ní kó ka pákó ibẹ̀.

Dókítà ní kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìtìjú. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru a máa tọ ìdílé, àti pé ẹni tó bá mọ̀ pé ó wà nílé wọn ló yẹ kó tètè máa yẹ ara rẹ̀ wò. Agbádá ni àna mi ń nù.

Lọ́jọ́ kẹrin ó wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá Bísọ́lá, mi ò lè fọwọ́ ara mi gbé àrùn wọlé o. Kí àwọn ọmọ méjèèjì lọ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò ná." Mo gbà. Wọ́n lọ. Ti Bísọ́lá dára. Ti ọmọ tirẹ̀ ló ga! Àna mi ní ẹ̀rọ náà ń purọ́. Wọ́n gbé òmíràn wá, ó tún ga. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ wá là á sílẹ̀ pé bàbá ọkọ òun, tí wọ́n ní igi ló wó lù, apá kan ara rẹ̀ ti rọ fún ọdún mẹ́ta kó tó kú. Ẹ ò rí ayé!

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tó pa bàbá yín gan-an fún àwọn ọmọ yín. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú. Ká ní mo ti sọ òtítọ́ ni, ǹ bá ti máa lo oògùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń di ṣíbí mú báyìí. Àfẹ́sọ́nà Bísọ́lá ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. A kò tíì dá ọjọ́ ìgbéyàwó.