Ihò Mẹ́ta Tí Mo Fi Pamọ́ fún Mùyìbátù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin ẹbí ìyàwó mi, kí ẹ tó pín aṣọ Mùyìbátù, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí èmi Ládòkun ṣe. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ahọ́n mi má baà yẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, àfi èmi àti Ọlọ́run.

Ẹ rántí ikọ́ tó mú un lẹ́yìn tí a kó kaṣú tán. Ní ilé ìwòsàn Ṣakí, wọ́n ní ká gbé e lọ sí Ìbàdàn. Dókítà tó gbà wá kì í ṣe Yorùbá, Mùyìbátù kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Sọ̀fíyàt ọmọ mi tó ń gbé Ìbàdàn wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ka ìwé girama ni mo di ògbufọ̀. Dókítà ní ọyún ló gbá jọ ti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó ní àwọn kò ní la àyà rẹ̀ rárá: ihò mẹ́ta péré ni àwọn yóò lu sí ìhà rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Kámẹ́rà tín-ín-rín yóò gba inú ọ̀kan wọlé, irin iṣẹ́ yóò gba inú àwọn yòókù, wọn yóò sì fa ọyún náà jáde. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ló ní kó fi oṣù mẹ́ta gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí àwọn lè máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Oṣù mẹ́ta yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ìyàwó Mákánjúọlá ọ̀rẹ́ mi lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó ní Ìbàdàn, ọdún kẹrin nìyí, kò padà. Kí a tó kúrò nílé, Mákánjúọlá ti fi mí ṣẹ̀sín: "Ládòkun, tètè kọ́ ọkà rírò o. Ìyàwó tó bá ti fojú kan Ìbàdàn, fọ́tò rẹ̀ lo máa máa bá jẹun." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mùyìbátù bi mí pé, "Bàbá Sọ̀fíyàt, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn máa fi ayùn la egungun àyà rẹ."

"Ṣé àgbò iléyá ni mí ni? Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo yíjú sí dókítà, mo ní ìyàwó mi kọ̀. Ohun kan náà ni mo wí fún Sọ̀fíyàt.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá kéré. Nígbà tí kò lè dùbúlẹ̀ sùn mọ́, tó ń fẹ̀yìn ti ògiri kó tó lè mí, ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ dákun, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà fà á jáde, tí wọn ò ní la àyà mi? Ìyẹn, mo lè fara dà á." Ọ̀nà wà. Ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, yóò mọ̀ pé mo purọ́ fún òun. Iyì ara mi ni mo yàn. Mo ní, "Kò sí."

Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú lórí mi." Lọ́jọ́ kẹrin, a sin ín.

Sọ̀fíyàt, létí sàréè, o sunkún pé, "Ìyá mi, agídí yín ló pa yín." Mo gbọ́, mo sì jẹ́ kí ẹ̀bi náà wà lórí rẹ̀. Ìyá rẹ kò ní agídí. Ó gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá fi yín ṣe ògbufọ̀ fún aláìsàn, ẹ má ṣe fi ìfẹ́ inú yín bọ ọ̀rọ̀ náà. Ní tèmi, n kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Lọ́la, ẹ kọ́kọ́ lọ sídìí sàréè, kí ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí orúkọ alágídí tí ẹ fún un.