Bátìrì tí Mo Yọ Nínú Yanrìn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni n kò mọ̀. N kò sọ pé wọ́n rẹ́ mi jẹ.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni mo ti ń bá Bàbá Múrí tún bátìrì kọ̀ǹpútà àti ti iná sólà ṣe. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun ló bá mi fẹ́yàwó. Bí bátìrì bá ti kú, Bàbá á fa ìlà pupa sí i lára, á fi téèpù dí i lẹ́nu, á rì í mọ́ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn títí àwọn tó ń kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ èròjà inú rẹ̀ láti fi ṣe tuntun yóò fi dé.

"Òkú ni," ló máa ń wí. "Má hú u."

Lọ́jọ́ kan, Bàbá lọ ra téèpù ní Adéníji Adélé. Oníbàárà kan dé, kò sì sí bátìrì gidi nílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi mánéèjì ẹ̀, mo fẹ́ tètè máa lọ."

Mo hú ẹyọ kan, mo wọ rọ́bà tuntun fún un, mo tà á. Ẹyọ kan péré. Nígbà tó yá, inú yanrìn yẹn ni mo ti ń jẹun.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan, obìnrin kan gbé àtùpà sólà tó bú mọ́ ọn lọ́wọ́ wá láti Ẹnu Ọwá. Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní kó lọ tọ́jú ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Bàbá bó rọ́bà ara bátìrì inú àtùpà náà, ó rí ìlà pupa.

"Mélòó lo ti tà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bò mí láṣìírí."

"Àṣírí ẹ ń jó ọmọ ọlọ́mọ. Tí mo bá kírun tán, màá sọ fún gbogbo àdúgbò kí wọ́n kó wọn padà wá."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà. Mo gbá a ní irin lórí. Ó ṣubú, ó ṣì ń mí. Ká ní mo kígbe ni, wọn ì bá gbà á là. Ṣùgbọ́n mo yọ òkú bátìrì kan nínú yanrìn, mo gún un kó lè gbiná, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo kírun, ẹ gbọ́, mo kírun.

Kí á tó kírun tán, ṣọ́ọ̀bù ti gbiná, Bàbá ti kú. Gbogbo ènìyàn ní bátìrì ló pa á. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lọ wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Òkú bátìrì wà nínú yanrìn, téèpù wà lẹ́nu wọn, iná kò kàn wọ́n.

"Ọkọ mi kì í fi òkú bátìrì sílẹ̀ láìrì í," ló wí. Ó mú èyí tó jóná, ìlà pupa ṣì hàn lára rẹ̀, ó yíjú sí mi. "Ta ló yọ eléyìí?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má wọ aṣọ alààyè fún òkú. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ jẹ́wọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀gá mi ì bá bínú sí mi. Ì bá sì dárí jì mí.