Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Sẹ́nu Ìyá Oníkẹrosíìnì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọdún méje ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé obìnrin tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi ní ọ́fíìsì lọ́jọ́bọ̀, mi ò sì tíì mọ ohun tí màá sọ fún un.

Akọ̀ròyìn ni mí. Mo ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àwọn tó mọ̀ mí máa ń sọ pé mo máa ń jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ náà ni mo ti ṣìnà.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ìgàndó ṣe àjọ̀dún fíìmù kékeré kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n àti fídíò sínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan, tí wọ́n ń fi fíìmù tí wọ́n fúnra wọn yà han aládùúgbò. Wọ́n fẹ́ fi fàájì kan kádìí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè: orin, àti àwòrán lára ògiri. Wọn ò lẹ pósítà kankan. Ẹnu sí etí ni wọ́n fi pe ara wọn, torí pé lábẹ́ ìjọba ológun, bí ọ̀dọ́ bá ti pé jọ, ọlọ́pàá á ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ wá. Alhaji kan, onílẹ̀ ládùúgbò náà, ló yá wọn ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé rẹ̀ kan tí kò tíì parí.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n ṣì ń múra sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ̀mí ń fi èédú àti ọ̀dà yàwòrán. Ó ní, "Brọ̀dá akọ̀ròyìn, ẹ má tẹ ọ̀dà yẹn o, kí ẹ̀yin náà má di àwòrán." Ó ya ìyá kan tó ń wẹ ọmọ rẹ̀, tó ró ìró mọ́ ìdí, tí òkè rẹ̀ ṣí sílẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń wẹ̀ wá lẹ́yìnkùlé. Àwòrán yẹn dùn ún wò lójú mi.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé ni ìwé ìròyìn wa máa ń wọ ilé ìtẹ̀wé, ọjọ́ Mọ́ńdè ló ń jáde. Olóòtú wa ní kí n kọ fàájì náà bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. A ti kọ ìsìnkú àti ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó mú wa. Mo kọ ọ́. Ó kà á, ó jù ú sílẹ̀, ó ní, "Ó gbẹ jù. Ẹlẹ́rìí rẹ dà?"

Mo rántí pé mo rí ṣọ́ọ̀bù kẹrosíìnì kan ní ọ̀kánkán ilé náà. Mo wá kọ ọ́ pé obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì níbẹ̀ sọ fún wa pé: "Mo fojú ara mi rí wọn. Igbó ni wọ́n ń mu. Obìnrin oníhòhò ni wọ́n yà sára ògiri. Ẹni tó nilé ni ojú ń tì mí fún."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Mi ò bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ rí. Mo rò pé ẹni tí mi ò dárúkọ kò lè fara pa. Mi ò mọ̀ pé òun nìkan ló ń ta kẹrosíìnì ní gbogbo òpópónà yẹn.

Ìyá Bísọ́lá ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, kò tiẹ̀ sí ní Ìgàndó. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Àwọn ọ̀dọ́ yẹn náà kò mu igbó kankan. Ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ orin wá kò rí epo bẹntiróò, jìtá kan ṣoṣo ni wọ́n rí lò. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n kọrin jẹ́ẹ́, wọ́n wo àwòrán, wọ́n lọ sílé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ka ìwé ìròyìn náà sí Alhaji létí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun gbogbo ògiri.

Àwòrán kọ́ ló dun Alhaji jù. Rẹ̀mí wà níbẹ̀ nígbà tó pe Ìyá Bísọ́lá, bó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe sọ ọ́ fún mi. Alhaji ní, "Ìwọ tí ò ń gbé lábẹ́ mi, tí o bá rí ohun tí kò dáa nílé mi, ṣé èmi kọ́ ló yẹ kí o kọ́kọ́ wá bá? Ìwé ìròyìn ni o lọ bá." Ìyá Bísọ́lá kúnlẹ̀, ó ní òun ò rí akọ̀ròyìn kankan, òun ò sí nílé. Alhaji ní, "Ṣé ìwé ìròyìn ló wá ń parọ́?"

Ìyàwó Alhaji tó ti kú ló fún Ìyá Bísọ́lá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, bí ọmọ ilé ló ṣe wà láàárín wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó kó jáde. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Ìyá Oníròyìn. Tó bá dé ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n á ní, "Ẹ panu mọ́ jàre, kí ẹ má bá ara yín lójú ìwé." Ó kó lọ sí Ẹ̀gan.

Rẹ̀mí wá sí ọ́fíìsì wa, ó fura sí mi. Orúkọ mi kò sí lórí ìròyìn náà, "Akọ̀ròyìn wa" nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní ẹlòmíràn ni wọ́n rán lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó gbà mí gbọ́.

Láti ìgbà náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ nísinmi. Tí iṣẹ́ bá gbé mi lọ sí Ìgàndó, Ìkọ̀tún lójú ọ̀nà ni mo ti máa ń wá àwáwí pa dà. Mi kì í lọ ra kẹrosíìnì fúnra mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan dúró níwájú tábìlì mi. Ó ní wọ́n ní èmi ni mo pẹ́ jù níbí. Nígbà tó dárúkọ ara rẹ̀, ọwọ́ mi ti mú bírò kí n tó mọ̀. Ohun tó sọ nìyí:

"Sà, mi ò wá jà o. Alhaji ò gbádùn, ara wọn ti rẹ̀ gan-an. Mo lọ kí wọn. Wọ́n ní kí wọ́n fún mi lómi mu, ṣùgbọ́n wọn ò wojú mi. Ẹ bá mi wá akọ̀ròyìn yẹn. Kó ṣá wá sọ fún wọn pé èmi kọ́. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ."

Mo kà á sí i létí, bí mo ṣe máa ń ṣe fún ẹlẹ́rìí. Ó ní bí òun ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo ní kó pa dà wá lọ́jọ́bọ̀, pé màá ti rí ẹni náà. Ó gbàdúrà fún mi kó tó lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà Alhaji lọ́sẹ̀ yìí, tí mo pa dà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní àwáwí kankan. Mo mọ iṣẹ́ wa: kí ìwé yìí tó dọ́wọ́ yín, Ọjọ́bọ̀ á ti kọjá. Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé mo ti lọ, pé Alhaji ti gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀, mi ò sì ní kọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Ẹni tó bá sì mọ Ìgàndó nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn níbẹ̀ pé èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun kọ́.