Ilé Kérésì Tí Kò Ṣófo

Orí ìlà POS ní Òkòkòmáìkò ni mo wà, tí bàbá kan àti ọmọbìnrin kan tó ń ta ìnṣọ́ránsì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi.

"Dádì, ta ló ń gbé ilé abúlé yín tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ìnṣọ́ránsì fún yìí?"

"Kérésì nìkan la máa ń lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n iná igbó jó ilé tó tẹ̀ lé tiwa lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́."

"Ẹ má bínú sà. Ọ́fíìsì wa kì í gba ilé tó bá ṣófo."

"Kò ṣófo!" Bí ẹni tí wọ́n bú ni bàbá náà ṣe sọ ọ́. "Ìyá mi wà níbẹ̀."

"Ó dáa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù."

"Inú yàrá wọn la sin wọ́n sí."

"Ọ́fíìsì ò ní ka ìyẹn sí, sà. Ẹ ò ṣe ní kí ọmọ yín kan lọ máa gbé ibẹ̀?"

"Àwọn ọmọ ní àwọn ò lè sùn nílé tí sàréè wà."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, tẹ́ ẹ bá lọ ní Kérésì?"

Ìlà sún síwájú. Bàbá náà ò sún.

"Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo máa ń sùn."